Níbo Ni Ohun Tí A Kò Sọ Ń Lọ?

Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 13:1-22; Orin Dáfídì 139

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi jìnnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ ka orí kẹtàlá ìwé Samuẹli Kejì. Mo mọ̀ pé a kì í sábà gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀. Àwọn oníwàásù a máa fò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ korò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ kò fò ó nígbà tí a ń kọ Ìwé Mímọ́, nítorí náà kò yẹ kí àwa tí a jẹ́ ìyá fò ó.

Ẹ mọ ìtàn náà. Ámínónì, àkọ́bí Dáfídì, dìbọ́n bí aláìsàn. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó rán Támárì lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó lọ se oúnjẹ fún un. Ámínónì fi ipá bá a lò, ó sì ní kí wọ́n tì í jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà bu eérú sórí, ó fa aṣọ aláràbarà rẹ̀ ya, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń ké bí ó ti ń lọ. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí ni ẹsẹ ogún. Ábúsálómù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, rí i, ó sì ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kí ni ó wí? Ó ní kí ó pa ẹnu mọ́, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni ẹni tí ó ṣe é, kí ó má fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Kí ó má fi sọ́kàn! Bí ó ti ń rí nínú ilé wa náà nìyẹn. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni." "Gbàgbé ẹ̀, jàre." Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ náà yóò gbé e sí bí kò bá gbé e sí ọkàn? Bíbélì sọ pé ó jókòó sí ilé Ábúsálómù bí ahoro. Dáfídì gbọ́, inú bí i gidigidi, kò sì ṣe ohunkóhun. Ábúsálómù kò bá Ámínónì sọ rere, kò bá a sọ búburú. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tí ó bá wọ ààfin nígbà náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọdún méjì gbáko ni ó fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀bẹ tó jáde níbi àsè ìrẹ́run àgùntàn. Nígbà tí Ábúsálómù sì bí ọmọbìnrin, ẹ wo orí kẹrìnlá, ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Támárì ni ó sọ ọ́. Ẹni tí ó ní kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ń pe orúkọ náà nínú ilé rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan yìí nìyí: níbo ni ohun tí a kò sọ ń lọ?

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé inú jìn, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ kò dénú. Ohun tí a sábà ní lọ́kàn nígbà tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ ni pé inú ẹlòmíràn ni ó jìn sí wa. Wòlíì Jeremáyà tẹ̀ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní orí kẹtàdínlógún, ó béèrè pé ta ni ó lè mọ ọkàn, títí kan ẹni tí ó ni ín. Orin Dáfídì kọkàndínlógún náà bẹ Ọlọ́run fún ìwẹ̀nùmọ́ kúrò nínú àṣìṣe tí ó pamọ́. Pamọ́ fún ta ni? Fún ẹni tí ó ń gbàdúrà náà gan-an.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa ní ìlà mẹ́ta péré nípa ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sigmund Freud, a sì há a sórí fún ìdánwò. Ó yẹ kí a mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì wọ inú iṣẹ́ dókítà àti ti ilé ẹjọ́. Ọdún 1856 ni wọ́n bí i, ní ìlú kékeré kan tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ni ó dàgbà sí, níbẹ̀ ni ó sì ti di dókítà. Àwọn aláìsàn kan ń wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn: ti ẹlòmíràn, apá rẹ̀ rọ, ti ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yẹ ara wọn wò, wọn kì í rí ohun tí ó bàjẹ́. Láti ara àwọn wọ̀nyí ni ó ti wá sọ pé apá tí ó tóbi nínú ọkàn ènìyàn ni ẹni tí ó ni ọkàn kò mọ̀.

Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Yunifásítì Vienna láàrin ọdún 1915 sí 1917, ó fi ọkàn wé ilé oníyàrá méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tí èrò kún bámúbámú, èkejì jẹ́ yàrá kékeré tí onílé ń jókòó sí. Aṣọ́nà kan dúró ní ẹnu ọ̀nà àárín méjèèjì. Èrò tàbí ìfẹ́ tí kò bá tẹ́ aṣọ́nà lọ́rùn, yóò dá a padà, onílé kò sì ní mọ̀ pé ó wá rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí a dá padà kò lọ sílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ó ṣì wà. Yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò gba ibòmíràn wọlé. Ó gba ojú àlá wọlé, ó gba ara wọlé bí àìsàn, ó sì máa ń gba ẹnu wọlé.

Ti ẹnu yìí, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohun tí ó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nínú ìwé kan tí Freud tẹ̀ jáde ní ọdún 1901, ó mú àpẹẹrẹ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Austria kan wá, tí ó dìde láti ṣí ìjókòó, ṣùgbọ́n tí ó kéde pé òun pa ìjókòó náà dé. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò retí ire kankan nínú ìpàdé ọjọ́ náà, ó ti ń wù ú kí ó tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ kan wà láàrin wa tí ọ̀rọ̀ yìí yóò yé dáadáa.

Obìnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ ṣáájú ti Freud gan-an nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bertha Pappenheim ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Vienna ní ọdún 1859, sínú ilé Júù olówó tí ó di ìsìn mú ṣinṣin. Ó ní làákàyè, ó gbọ́ èdè púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n dá a jókòó sílé pé kí ó máa ránṣọ, kí ó máa dúró de ọkọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó lọ sí yunifásítì. Kò ráhùn. Ní ọdún 1880, bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Bertha ni ó ń ṣọ́ ọ lóru. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó ti ibùsùn náà, ó gbé apá ọ̀tún kọ́ ẹ̀yìn àga, oorun gbé e díẹ̀. Ó rí ejò dúdú kan tí ó ń ti ara ògiri bọ̀ láti bu aláìsàn náà ṣán. Ó fẹ́ lé e, apá rẹ̀ ti kú tipiri. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ kankan ní èdè Jámánì tí ó jẹ́ èdè rẹ̀. Orin kékeré kan tí àwọn ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ni ó wá sí i lẹ́nu.

Láti ìgbà náà apá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ó dé ìgbà kan tí kò lè sọ èdè Jámánì mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè sọ. Dókítà Josef Breuer, ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n Freud lẹ́nu iṣẹ́, ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ní àkókò ooru ọdún kan, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mu omi. Bí ife bá ti kan ètè rẹ̀, yóò tì í dànù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó fi ń jẹ èso kí ọ̀fun rẹ̀ lè tutù. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wà nílé wọn, tí òun kò fẹ́ràn. Ó ti rí ajá obìnrin náà tí ó ń lá omi nínú ife, ó rí i lára, ṣùgbọ́n kò fọhùn, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ ni. Ó sọ ọ́ báyìí, ó sọ ìbínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó mu púpọ̀.

Bertha fúnra rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ. Ó pè é ní ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí ó bá ń ṣe àwàdà, a ní òun ń gbá inú ihò èéfín. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi igi dáná rí, ẹ mọ bí ẹ̀ẹ́dú ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà. Ní ọdún 1895, Breuer àti Freud tẹ ìtàn rẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ mìíràn, wọ́n pè é ní Anna O.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí àwọn oníwèé náà kò sọ tán. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé ara rẹ̀ yá pátápátá nígbà tí ìtọ́jú Breuer parí ní oṣù kẹfà ọdún 1882. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1972 fi hàn pé oṣù tí ó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Switzerland, tí ìrora ojú ṣì ń dà á láàmú, tí oògùn apàrora sì ti di bárakú fún un. Ọdún púpọ̀ ni ó tún fi wà nínú àìsàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ ti tán, ẹ má gbà á gbọ́, ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ wòlíì.

Síbẹ̀ ohun kan wà níbẹ̀ tí Ìwé Mímọ́ ti sọ ṣáájú. Orin Dáfídì kejìlélọ́gbọ̀n sọ nípa ẹni tí ó dákẹ́ títí egungun rẹ̀ fi gbó. Ẹ tún wo Hánà ní Ṣílò. Ó tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Olúwa. Èlí rò pé ọtí ni. Àmọ́ ẹ ka ẹsẹ kejìdínlógún orí kìíní náà dáadáa: ó bá tirẹ̀ lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Samuẹli kò tíì sí nínú oyún nígbà yẹn o! Pẹ̀nínà ṣì wà nílé pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀. Kò tíì sí ohun tí ó yí padà ju pé ó ti sọ ọ́, ẹnì kan sì ti gbọ́ ọ.

Pé ẹnì kan gbọ́ ọ: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni ó sì ti wọ́ fún Freud. Ní oṣù kẹrin ọdún 1896, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà Vienna, ó sọ pé àwọn obìnrin tí òun ń tọ́jú ti sọ ìdí àìsàn wọn fún òun: wọ́n ti bá wọn ṣe ìṣekúṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Àwọn dókítà náà kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1897, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò gba ẹ̀kọ́ òun yẹn gbọ́ mọ́. Kò sọ pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó ń kọ́ni pé púpọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ọkàn ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́, tí ó sì fi ojú inú rí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí tí ó fi yí padà. Èmi kò lè parí ìjà wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ní àlá ni wọ́n ń lá.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé àwa náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá sọ fún wa pé òun kò fẹ́ lọ sí ilé Bùrọ̀dá báyìí-báyìí mọ́, kí ni a máa ń kọ́kọ́ wí? Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá sọ ohun tí bàbá ilé ṣe, àbí tí olùkọ́ ṣe, àbí tí ẹni tí ń gbàdúrà fún wa ṣe, ẹnu ta ni a máa ń kọ́kọ́ dí? Mo fi ọdún púpọ̀ dúró níwájú ọmọdé nínú kíláàsì. Ọmọ tí ó ń ka ìwé dáadáa tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń sùn lórí tábìlì, ọmọ tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé nígbà tí ó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàṣán ni a sábà fi ń dá a lóhùn. Ọmọ náà kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Ara rẹ̀ ni ó ń bá a sọ ọ́.

Bertha gbé ọ̀rọ̀ yìí ju ibi tí àwọn dókítà rẹ̀ gbé e dé lọ. Ní ọdún 1888, òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Frankfurt ní Jámánì. Ó di alábòójútó ilé àwọn ọmọbìnrin aláìlóbìí. Ní ọdún 1904, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù sílẹ̀ ní Jámánì. Ní ọdún 1907, ó ṣí ilé kan ní Neu-Isenburg fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n lóyún láìlọ́kọ, àti àwọn tí wọ́n ń tàn lọ sí òkè òkun láti fi ara wọn ṣòwò. Òun fúnra rẹ̀ rin ìrìn àjò káàkiri láti wá ìdí òwò burúkú náà. Àwa tí a ń gbọ́ ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó gba aṣálẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Kò jẹ́ kí wọ́n fi ìtọ́jú Freud tọ́jú ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ojú òun rí rí. Ọdún 1953, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ayé tó mọ̀ pé òun ni Anna O. Ní ọdún 1936 tí ó kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan jáde. Àdúrà ni ó kún inú rẹ̀, àdúrà tí Bertha kọ fúnra rẹ̀, ní èdè Jámánì.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ó kan Kristẹni nínú ọ̀rọ̀ Freud, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1927, ó kọ ìwé tí ó fi pe ìsìn ní ìtànjẹ, pé a ń wá bàbá tí yóò máa dáàbò bò wá bí ìgbà tí a wà ní kékeré. Pásítọ̀ kan wà ní Zürich, Oskar Pfister, tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún 1909. Pfister kò bínú, kò sì dákẹ́. Ó kọ ìwé dá a lóhùn ní ọdún 1928, wọ́n sì ń bá ọ̀rẹ́ wọn lọ títí Freud fi kú ní London ní ọdún 1939. Irú ọ̀nà tí Pfister gbà yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Freud rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkàn, ó sì rí ẹ̀gbin tí ó wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù rí i ṣáájú rẹ̀ ní Róòmù orí keje, pé ohun tí òun kò fẹ́ ni òun ń ṣe. Freud náà sọ ọ́ ní ọdún 1923, pé Èmi tí ń sọ̀rọ̀ dà bí ẹlẹ́ṣin tí ó sábà máa ń lọ sí ibi tí ẹṣin bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ní òpin orí keje Pọ́ọ̀lù ké pe ẹnì kan, ó sì dárúkọ rẹ̀. Freud kò rí ẹni pè. Ìyàtọ̀ náà kò kéré.

Kò sì yẹ kí àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ sí wa. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1738, John Wesley kọ ìlànà fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kí wọ́n máa jẹ́wọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù 5:16 ti wí. Ìpàdé kíláàsì tẹ̀lé e ní Bristol ní ọdún 1742. Owó gbèsè ilé ìsìn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ni wọ́n ti rí i pé àwọn ènìyàn ní ẹ̀dùn ọkàn tí wọ́n fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, a ti padà sí orí owó, ó sì kù síbẹ̀.

Mo mọ ìdí tí àwọn obìnrin kì í fi í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ohun tí a bá sọ ní Ọjọ́rú, ìyàwó ilé kejì ti gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀, ó sì ti di kókó àdúrà ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ojú bá tì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tì í pa nìyẹn, aṣọ́nà ọkàn rẹ̀ kò ní ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ̀yin olórí kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin láàrin yín pé ohun tí a sọ nínú yàrá kò jáde. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: bí ewu bá ń wu ọmọdé. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ ná, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi tó ìjọba létí, ẹni yòówù tí ì báà ṣe é.

Àìsàn ọkàn mìíràn sì wà tí ó ju agbára ìpàdé kíláàsì lọ. Ẹni tí kò sùn mọ́, tí ń gbọ́ ohùn, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, kì í ṣe pé kí a tì í mọ́ orí òkè fún ogójì ọjọ́. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú wọn, tí ó ní kí ará ilé aláìsàn bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí. Ó mọ̀ pé aláìsàn nílò ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Ẹ lè gbàdúrà fún un bí ẹ ti ń mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, kí ẹnì kan ka orí kẹtàlá yìí sókè, kí ó ka ẹsẹ ogún díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ má kọrin, kí ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò sọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ka Orin Dáfídì kọkàndínlógóje, kí ẹ túká, kí ẹ tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì.